Ìṣirò Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Sílẹ̀

Méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà. Wọ́n lẹ èsì ìdánwò náà mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Wọn ò kọ orúkọ sí i, nọ́ńbà nìkan ni, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló mọ nọ́ńbà mi, torí èmi ni mo dàgbà jù nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń jókòó kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ìyá Oníbísíkíìtì ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀gbà, òórùn mílíìkì kì í sì í kúrò lára aṣọ mi bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé bísíkíìtì kọjá, kí n máa ṣa èyí tó bá fọ́ kúrò, kí n máa to èyí tó dára sínú páálí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe é nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé, ẹ̀rọ tó ń fi kámẹ́rà dá bísíkíìtì tó fọ́ mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá láti Òpèbí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ó jókòó lé páálí òfìfo, ó tẹ nǹkan fún bíi wákàtí méjì, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Àwọn kan lára wa sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi lọ bá a.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún un tó fi mọ èyí tó fọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, kò lè yé yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìhà Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo yan ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà rárá. Ìṣirò ni, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní disikíríìtì. Kì í ṣe ìṣirò owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìwọ̀n. Ó dá lórí ohun téèyàn lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti lórí ọ̀rọ̀: bí òótọ́ kan ṣe ń bí òótọ́ mìíràn, àti bí èèyàn ṣe lè fi ẹ̀rí gbe ohun tó sọ lẹ́sẹ̀ débi pé kò ní sí ẹni tó máa rí i bì ṣubú. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró lé, àti pé ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò lè tẹ̀ síwájú. Èmi wá gba méjìlá.

Mo ṣì ń wo méjìlá yẹn lọ́wọ́ nígbà tí olùkọ́ wa jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

“Màdáámú, ẹ ti rí i?”

“Mo ti rí i, sà.”

“Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Orí ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí, wọn kì í fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ̀ka ìkọ̀wé ọ́fíìsì wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n á gbà yín tayọ̀tayọ̀. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.”

Àwọn ọmọdé náà wà lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ẹ̀rín wọn.

“Sà, ṣé òfin ilé-ìwé ló ní kí n lọ?”

“Òfin kọ́. Ìmọ̀ràn ni.”

“Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo máa tún un ṣe.”

Mi ò wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ìkẹjà dé Agége. Ojú ò tì mí, ẹkún ò sì gbọ̀n mí. Inú ló ń bí mi, inú tó ń bí mi náà ló sì gbé mi délé.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń gbé látìgbà tí ilé ọkọ ti tú mọ́ mi lórí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti wà ní Agége láti ìgbà èwe wọn. Táìsì ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń lẹ̀. Òpópónà tí wọn ò ti lẹ táìsì sínú ilé kan ò pọ̀ ní Ọmọ́lé kí orúnkún tó dá wọn dúró. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n kà kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mo féèlì, àti pé wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀.

“Ta ló ní kó o fi í sílẹ̀?”

“Olùkọ́ wa ni.”

“Ṣé òun ló ní kó o wá tẹ́lẹ̀?”

“Rárá, Bàámi.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Wọ́n padà sídìí rédíò wọn.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Mo máa ń fa páálí tó ti bàjẹ́ ya ní ibi iṣẹ́, màá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìwé, màá máa kọ ìṣirò sí i títí tí wákàtí ìsinmi fi máa tán. Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni ọ̀rọ̀ “bí” àti “nígbà náà”. Bí òjò bá rọ̀, nígbà náà ilẹ̀ á tutù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá dé, tó bá ilẹ̀ tó tutù, kò lè fi ìyẹn búra pé òjò rọ̀, torí ẹnì kan lè ti da omi síbẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kà á, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ìyá kan ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí bẹ́líìtì, níbi tí àwa tó kù ti wá ń to bísíkíìtì sí páálí nìkan, ọmọ ìjọ Aláàdúrà, ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Máàmì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tí àkókò ìsinmi bá ti tó, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ gbàdúrà níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, páálí bísíkíìtì kan di àwátì. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìlà wa kó gbogbo wa jọ.

“Ẹni tó gbé páálí yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde. Iwájú ò ṣeé gbà, wọ́n ń yẹ èèyàn wò níbẹ̀. Máàmì, ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ gbé e. Ó parí.”

Máàmì ká ọwọ́ lérí. Omi ti ń yọ lójú wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀.

“Kò tíì parí, sà.”

Ó yíjú sí mi.

“Ẹ ní ẹni tó gbé páálí, ẹ̀yìn ló gbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì sọ pé ẹni tó bá ti gba ẹ̀yìn ló gbé páálí. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo ewúrẹ́ ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, sà, ajá náà sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó gba ẹ̀yìn ni olè, ta tún ló gba ibẹ̀ láàárọ̀ yìí?”

Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun: “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà gba ibẹ̀. Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ lọ mu sìgá.”

Ẹ̀rín tó sọ ní gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu géètì. Ọ̀gá ò rí Máàmì fi ìyà jẹ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí páálí náà nínú ilé ìkẹ́rùsí, lẹ́yìn àwọn àpò ṣúgà. Kò tiẹ̀ kúrò nínú ọgbà. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ gan-an kì í ṣe òótọ́.

Ó fi ìyà rẹ̀ jẹ mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbé mi kúrò nídìí bẹ́líìtì, ó fi mí sídìí ààrò níbi tí ooru ti ń bó èèyàn lára, ó sì yí àsìkò mi sí ọ̀sán, láago méjì sí aago mẹ́wàá, tó bọ́ sí àkókò kíláàsì mi gẹ́lẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. Mo ti ń rò ó pé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Máàmì bá mi ní ibi tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ.

“Ọjọ́ wo lo ní kíláàsì?”

“Ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, Máàmì.”

“Wá dúró síbi tèmi láàárọ̀ ọjọ́ méjèèjì. Èmi á dúró sídìí ààrò lọ́sàn-án. Òfin gbà ká pààrọ̀, mo ti bi ọ́fíìsì.”

“Ooru ibẹ̀ pọ̀, Máàmì. Ẹ ò lè…”

“Ta ló ní mi ò lè? Ṣé ìwọ nìkan ni kì í gbà ni?” Wọ́n so gèlè wọn le. “Ohun tó o fi gbà mí lọ́jọ́sí, lọ kọ́ ọ délẹ̀.”

Mo lọ kọ́ ọ délẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kan wà nínú ìwé náà tó fẹ́ sọ mí di wèrè. Ìbéèrè ibẹ̀ lọ báyìí: fojú inú wo ilẹ̀ yàrá tó gba táìsì mẹ́jọ ní òòró, mẹ́jọ ní ìbú. Fi àyè táìsì kan sílẹ̀ níbikíbi tó bá wù ọ́. Ǹjẹ́ o lè fi táìsì onígun, èyí tó jẹ́ pé ẹyọ mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ bí igun ilé, bo gbogbo ìyókù láì gé ọ̀kankan? Wọn ò fẹ́ mẹ́jọ nìkan. Wọ́n fẹ́ kí n fi ẹ̀rí hàn pé ó ṣeé ṣe fún mẹ́rìndínlógún, fún méjìlélọ́gbọ̀n, bí wọ́n bá ń fi ìlọ́po méjì lé e lọ títí láé. Mo ti gé ẹyọ onígun púpọ̀ láti ara páálí bísíkíìtì, mo ń tò wọ́n, mo ń tú wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan, Bàámi jókòó tì mí ní àgbàlá.

“Ta ló ń ṣe irú táìsì yìí?”

“Kò sẹ́ni tó ń ṣe é, Bàámi. Inú ìwé ló wà.”

“Ihò wo ló tún wà nínú ilẹ̀?”

“Wọ́n ní kó wà níbẹ̀ ni.”

Wọ́n fi ìka kan ihò náà. “Ihò omi ni. Balùwẹ̀ ni.”

Mi ò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì wá. Wọ́n ya àwòrán yàrá náà sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fi ìlà méjì gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba.

“Yàrá tó bá tóbi, a kì í dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pípín ni. Mẹ́rin rèé. Ọ̀kan ní ihò, mẹ́ta ò ní.”

“Àwọn mẹ́ta yẹn ló ń dà mí láàmú. Èyí tó ní ihò dà bí ìṣòro tá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó kàn kéré sí i ni. Àwọn tó kù ò jọ ọ́.”

Ẹyọ onígun kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wo àárín, níbi tí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fi igun kan ara wọn. Mo gbé ẹyọ náà síbẹ̀, mo yí i kó má bàa kan yàrá tó ní ihò. Ó gba igun kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kù.

“Bàámi! Ẹ wò ó. Gbogbo wọn ti ní ihò báyìí! Àyè tí ẹyọ yìí gbà lára wọn ni ihò wọn.”

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n tún sún mọ́ ọn. “Họ́wù.”

“Tá a bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ kékeré, a ti mọ ńlá nìyẹn. Ẹ pín mẹ́jọ, mẹ́rin ló máa kù. Ẹ pín mẹ́rin, ó ku méjì. Méjì tó ní ihò kan, ẹyọ onígun kan ṣoṣo ló máa dí i.”

“Mẹ́rìndínlógún ńkọ́?”

“A ti mọ mẹ́jọ.”

“Méjìlélọ́gbọ̀n?”

“A ti mọ mẹ́rìndínlógún.”

“Títí dé ibo?”

“Kò lópin, Bàámi.”

Wọ́n fi ọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò ní orúnkún. “Ogójì ọdún ni mo fi lẹ táìsì. Ibi tí yàrá bá parí sí ni mo máa ń dúró. Àwọn tó kọ ìwé yìí, ṣé kì í rẹ̀ wọ́n ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa padà wá sí mi lọ́kàn, pé orí ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fi ọwọ́ ṣe é. Mo mọ̀ nígbà náà pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin tó ka ìwé mẹ́rin péré jókòó síwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ìlàjì ẹ̀rí náà kí n tó dá ìbéèrè sílẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé mo ṣe dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, dípò èsì, lẹ́tà ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní wọ́n fura pé mo jíwèé wò, kí n wá sọ tẹnu mi níwájú ìgbìmọ̀.

Èèyàn mẹ́rin ni mo bá nínú yàrá: olórí ẹ̀ka wa tó jẹ́ ìyá àgbà kan tó wọ ìgò ojú, olùkọ́ wa, olùkọ́ mìíràn tí mi ò mọ̀ rí, àti akọ̀wé. Wọ́n fún mi ní àga. Olùkọ́ wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kẹrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà ní, àwọn èèyàn kan pàdé, wọ́n sì ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ka àwọn tí iye ìgbà tí wọ́n bọ ọwọ́ kò ṣeé pín sí méjì. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé iye àwọn èèyàn wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì.

“Ohun tó kọ síbí yìí, èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn,” ó ní. “Kò sí nínú ìwé tá à ń lò. Mo wá a nínú ìwé mẹ́ta mìíràn, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gba méjìlá lọ́jọ́sí kò lè dá irú èyí rò.”

“Tí kò bá sí nínú ìwé kankan, sà, ibo ni mo ti jí i wò?”

“Fóònù wà.”

Olórí ẹ̀ka bi í pé, “Ṣé wọ́n bá fóònù lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Rárá, mà.”

Wọ́n kọjú sí mi. “Pátákó rèé. Wá ṣàlàyé ohun tó o kọ.”

“Mi ò nílò pátákó, mà. Tẹ́ ẹ bá gbà mí láyè, ẹ̀yin gan-an ni màá fi ṣàlàyé.”

Wọ́n wo ara wọn. Olórí ẹ̀ka ní kí n máa bá a lọ.

“Àwa márùn-ún la wà níbí, gbogbo wa la jókòó, ẹnikẹ́ni ò tíì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin mi ni pé ẹni tó bá bọ ọwọ́ báyìí, tó bá wà ní ìjókòó, kó dìde. Tó bá wà ní ìdúró, kó jókòó. Ẹni tẹ́ ẹ bá bá ní ìdúró nígbàkígbà ti bọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Àwọn tó dúró ni ìbéèrè yín ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bọ akọ̀wé lọ́wọ́.”

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì dìde. Méjì ló dúró. Mo ní kí olùkọ́ kejì bọ olórí ẹ̀ka lọ́wọ́. Òun dìde, olórí ẹ̀ka jókòó. Àwọn tó dúró ṣì jẹ́ méjì. Ni mo bá na ọwọ́ mi sí olùkọ́ wa. Ó wo ọwọ́ náà. Kò gbé tirẹ̀ sókè.

“Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́,” ni olórí ẹ̀ka wí.

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi àti òun jọ dìde.

“Mẹ́rin,” mo ní. “Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é tó máa di mẹ́ta. Tí ẹni méjì tó jókòó bá bọ ọwọ́, méjì ló lé. Tí ẹni méjì tó dúró bá bọ ọwọ́, méjì ló dín. Tí ọ̀kan bá jókòó tí ọ̀kan dúró, wọ́n kàn pààrọ̀ ni, iye ò yí. Òfo la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, tó ń fi méjì kún un, tó ń fi méjì yọ, ó máa fo mẹ́ta dá títí ayé. Ẹ̀ báà kó gbogbo èèyàn Èkó wá.”

Olùkọ́ kejì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Olórí ẹ̀ka yọ ìgò ojú wọn. “Níbo lo ti rí ìdúró àti ìjókòó yìí?”

“Iṣẹ́ ìdúró ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, mà. Mo máa ń rántí ìjókòó dáadáa.”

Olùkọ́ wa ṣì wà ní ìdúró níwájú mi. Ó ka ìwé ìdáhùn mi lẹ́ẹ̀kan sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Ẹ̀rí náà dúró,” ó sì gbé ìwé náà sórí tábìlì.

Wọ́n ní ẹjọ́ ti tán, kí n máa lọ. Mi ò lọ.

“Ìwé ẹ̀sùn tó wà nínú fáìlì mi ńkọ́, mà?”

“Wọ́n á yọ ọ́,” akọ̀wé ni ó fèsì. “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Nígbà tí wọ́n ń fi í síbẹ̀, wọn ò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá dúró kí n rí i tí wọ́n yọ ọ́. Mo sì fẹ́ ìwé tó sọ pé mi ò jíwèé wò, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.”

Mo jókòó padà. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó tẹ ìwé náà tán. Olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i, olùkọ́ kejì fọwọ́ sí i. Olùkọ́ wa ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Mo ka gbogbo rẹ̀ níwájú wọn láì kánjú, mo ká a sínú báàgì mi, mo kí wọn, mo jáde.

Méjìdínláàádọ́rin ni mo gbà. Olùkọ́ kan náà yẹn ló tún ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e lọ́dún yìí. Kì í pè mí ní Màdáámú mọ́, ó ń pe nọ́ńbà mi bí ó ṣe ń pe tàwọn yòókù. Nídìí iṣẹ́, ààrò náà ni wọ́n ṣì fi mí sí, èmi àti Máàmì ṣì ń pààrọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, Bàámi fetí sí gbogbo rẹ̀ láì já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Ṣé olùkọ́ yẹn bẹ̀ ọ́?”

“Rárá.”

“Ìwọ ńkọ́, o bẹ̀ ẹ́?”

“Kí ni màá bẹ̀ ẹ́ fún, Bàámi?”

“Mo kàn bèèrè ni.” Wọ́n ti àwo ẹ̀wà sọ́dọ̀ mi. “Jẹun, ó ti ń tutù.”